SDR n'Ìbàdàn: géènì, fíltà àti ohùn, èwo la kọ́kọ́ ń tún ṣe?

#1 OníBódìjà

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin àgbà. RTL-SDR V3 (SDR, rédíò tí sọ́fúwia ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀; ẹ̀rọ kékeré tí a ń ki bọ ihò USB kọ̀ǹpútà) ni mò ń lò pẹ̀lú SDR#, sọ́fúwia tó ń sọ ìgbì rẹ̀ di ohùn, lórí Windows. Áńtẹ́nà ẹlẹ́sẹ̀ méjì tó bá a wá ló wà lójú fèrèsé, Bódìjà níbí. Bí mo ṣe tò ó nìyí: WFM (FM fífẹ̀ ti ilé-iṣẹ́ rédíò), Bandwidth (fífẹ̀ fíltà) 250 kHz, Order 1000, géènì (bí a ṣe ń gbé agbára ìgbì sókè tó) 49.6, 2.4 MSPS (sámpù mílíọ̀nù 2.4 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan). Mo tan Filter Audio, mo tan FM Stereo.

Ìṣòro méjì ni. Bí mo bá wà lórí Splash 105.5, mò ń gbọ́ orin Fresh 105.9 lábẹ́ rẹ̀. Mo fún fíltà pọ̀ dé 120 kHz, orin yẹn ò lọ, ọ̀rọ̀ Splash fúnra rẹ̀ ló wá ń ya. Ìkejì: lóru, lórí ìgbì kúkúrú, ìfé kan máa ń dún mọ́ ọ̀pọ̀ ìkànnì. Nínú gbogbo bọ́tìnì wọ̀nyí, èwo ni kí n fọwọ́ kàn?

#2 TẹkiníkàDùgbẹ̀

Géènì ni, ẹ fi fíltà sílẹ̀ ná. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. 400 kHz ló wà láàárín 105.5 àti 105.9. Fíltà 250 kHz tó jókòó sórí 105.5 ń gbà láti 105.375 dé 105.625. Fresh, tòun ti gbogbo ara rẹ̀, kì í sọ̀kalẹ̀ kọjá nǹkan bí 105.8. Àlàfo 175 kHz ṣì ṣófo láàárín wọn. Báwo ni fíltà ṣe fẹ́ jẹ́bi ọ̀rọ̀ yẹn?

Ibi tó ti bàjẹ́ wà ṣáájú fíltà: inú tuner R820T2 (apá tó ń yan ìgbì), àti inú RTL2832U tó ń sọ ìgbì di nọ́ńbà. Bit 8 péré ni ìyẹn ní, ìpele 256 lásán. Ìgbà tí géènì bá wà ní 49.6 láàárín ìlú tí ilé-iṣẹ́ rédíò pọ̀ tó báyìí, gbogbo wọn á jọ kún inú rẹ̀ dé ẹnu, wọ́n á sì dà pọ̀ mọ́ra wọn kí fíltà tó rí wọn rárá. Ohun tó bá ti dà pọ̀ níbẹ̀ ti dà pọ̀ nìyẹn. Asẹ́ ò lè yọ iyọ̀ kúrò nínú ọbẹ̀.

Ẹ dán an wò báyìí. Ẹ lọ sí 105.1, kẹ́ ẹ tún lọ sí 106.3. Bí ẹ bá bá ohùn jágbajàgba kan níbẹ̀ tó jọ Splash àti Fresh papọ̀, iwin ni, ẹ̀rọ yín ló bí i. Ìlọ́po méjì 105.5, ẹ yọ 105.9 kúrò, ó ku 105.1. Ìlọ́po méjì 105.9, ẹ yọ 105.5 kúrò, ó ku 106.3. Ẹ wá sọ géènì kalẹ̀ díẹ̀, ká ní láti 22.9 sí 19.7. Ìkànnì gidi á wálẹ̀ ní nǹkan bí 3 dB (òdiwọ̀n agbára ìgbì). Iwin á já wálẹ̀ ní 9 tàbí 10, torí ìlọ́po mẹ́ta ni tiẹ̀ fi ń rìn.

Bí a ṣe ń to géènì: ẹ pa RTL AGC àti Tuner AGC (ohun tó ń yí géènì fúnra rẹ̀), ẹ dá géènì padà sí 0. Ẹ máa wo koríko tó wà nísàlẹ̀ àwòrán, èyíinì ni ariwo tí kò sí ìkànnì kankan lórí rẹ̀. Ẹ máa gbé géènì sókè ní ìpele kọ̀ọ̀kan. Lákọ̀ọ́kọ́, orí ìkànnì á máa ga, koríko ò ní mira. Tó bá dé ibì kan, koríko náà á bẹ̀rẹ̀ sí í ga bákan náà pẹ̀lú ìkànnì. Ibẹ̀ kọjá òdiwọ̀n. Ẹ padà sẹ́yìn ìpele kan, kẹ́ ẹ fi í síbẹ̀. Fún FM láàárín Ìbàdàn, kò sábà yẹ kó kọjá 20.

#3 ÌyáKébù

Kí n fi kún ti ọ̀gá Dùgbẹ̀. Ìdí tí ọ̀rọ̀ Splash fi ń ya nígbà tí ẹ fún un mọ́ 120: FM ń fì sókè-sódò ní 75 kHz lápá kọ̀ọ̀kan, ohùn tó gbé sì lè dé 15 kHz. Ẹ kó méjèèjì pọ̀, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, 180 kHz ni fún mono. Tó bá jẹ́ stereo, 53 kHz lẹ máa fi rọ́pò 15, ó di 256. Ní 120, níbi tí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ bá ti pariwo gan-an ni ìgbì rẹ̀ á ti yọ sí ìta fíltà, ibẹ̀ lẹ sì ti ń gbọ́ yíya. Bó bá ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, kò ní ya. Ìyẹn lẹ fi máa mọ̀ pé fíltà ló há, kì í ṣe ìkànnì.

180 sí 200 ni kẹ́ ẹ máa lò. Bí ìkànnì bá lágbára tí ibi tó yí i ká sì mọ́, 250 náà dáa.

#4 OníBódìjà

Ẹ kú iṣẹ́ o. 16.6 ni mo wà báyìí, Bandwidth 200. Fresh ti kúrò lábẹ́ Splash, 105.1 ti dákẹ́ roro. Ó wá ku pé ohùn náà mú bí abẹ, "s" ń gún mi létí. Àwọn ìkànnì tó ti ọ̀nà jíjìn wá sì ń ṣe ṣììì ṣááá. Ẹ jọ̀ọ́, Order 1000 yẹn náà ńkọ́? Ṣé bó bá ṣe pọ̀ tó ló ṣe ń dáa tó?

#5 TẹkiníkàDùgbẹ̀

Ẹ wo de-emphasis. Ilé-iṣẹ́ rédíò máa ń gbé ohùn tín-ín-rín sókè kó tó gbé e sáfẹ́fẹ́, kí ariwo má baà bò ó mọ́lẹ̀ lójú ọ̀nà. Ẹ̀rọ tiwa ló yẹ kó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ padà. Ní ọ̀dọ̀ wa níbí àti ní Yúróòpù, 50 µs (ìdá mílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá) ni. Ní Amẹ́ríkà, 75 ni. Bó bá wà ní òdo, ohùn á mú, á máa gún etí, bí ẹ ṣe wí gan-an. Bó bá wà ní 75, ohùn òkè á kú ní nǹkan bí 3.5 dB, bí ẹni tó fi aṣọ bo sípíkà. Nínú SDR++, sọ́fúwia mìíràn tó jọ SDR#, ẹ ó rí i lábẹ́ WFM, Deemphasis, kẹ́ ẹ mú 50us.

Ti ṣììì: ariwo FM kì í tẹ́jú. Bí a bá ṣe ń gòkè nínú ohùn tí a tú jáde ló ṣe ń le sí i. Mono wà nísàlẹ̀ 15 kHz, níbi tó ti rọ̀. Ìyàtọ̀ ọ̀tún àti òsì wà láàárín 23 sí 53 kHz, yí 38 ká, níbi tí ariwo ti ń gbóná. Ẹ tan stereo, ẹ ti ṣílẹ̀kùn fún ariwo yẹn nìyẹn. Bí ìkànnì bá ti Abẹ́òkúta tàbí Òṣogbo wá, ẹ pa FM Stereo. Ariwo tó tó 20 dB lè bá a lọ. Kí lẹ fẹ́ fi ọ̀tún àti òsì ṣe lórí ètò ìròyìn?

#6 ÌyáKébù

Ti Order. Ohun tó ń ṣe ni kó mú etí fíltà ga ṣánṣán bí ògiri, dípò kó da gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ bí òkè. Bí fíltà bá ń ṣiṣẹ́ lórí 48,000 sámpù ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, tí ẹ mú Blackman (ọ̀kan lára oríṣi ìrísí fíltà), etí rẹ̀ á fẹ̀ tó 5.5 ìlọ́po 48,000, tí a pín fún Order. Order 500 ń fún yín ní nǹkan bí 530 Hz. Order 100 ń fún yín ní 2.6 kHz, bẹ́ẹ̀ fíltà AM 6 kHz tí etí rẹ̀ fẹ̀ tó yẹn ti di agbọ̀n.

Hamming ń fúnni ní etí tó mú ju ìyẹn lọ, 3.3 dípò 5.5, àmọ́ ohun tó wà ní ìta kì í ṣubú ju nǹkan bí 53 dB lọ. Blackman ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dé 74, Blackman-Harris dé 92. Bí aládùúgbò ìkànnì bá lágbára púpọ̀, Blackman-Harris ni kẹ́ ẹ mú, kẹ́ ẹ wá fi Order kún un.

Fún WFM tiyín, 400 kHz ni aládùúgbò fi jìnnà. Order 250 ti pọ̀ tó. 1000 kò fi ohunkóhun kún un. Iṣẹ́ ló ń fún kọ̀ǹpútà, tí kọ̀ǹpútà ò bá sì lágbára, ohùn á máa já pẹ́pẹ́pẹ́. Ẹ̀yin á rò pé ìgbì ni kò dáa.

#7 AlágbàÌgbì

Ẹ jẹ́ kí n gba ti ìfé òru. Lórí ìgbì kúkúrú, 5 kHz 5 kHz ni wọ́n fi to àwọn ìkànnì. Fíltà AM 10 kHz ń gba 5 sí òsì, 5 sí ọ̀tún. Òpó ìgbì (carrier, ìgbì tó gbé ohùn) aládùúgbò á bọ́ sẹ́nu ọ̀nà gẹ́lẹ́, á sì máa fé ní 5 kHz. Ẹ fún fíltà mọ́ 8 kHz. Ohùn á dé 4 kHz, ìfé á lọ. Lórí ìgbì àárín, 9 kHz ni wọ́n fi jìnnà níhà tiwa, ìyẹn kì í fi bẹ́ẹ̀ fé yàn.

Bó bá jẹ́ pé apá kan péré ni aládùúgbò ti ń dà á rú, ẹ má jẹ́ kí apá kejì jìyà rẹ̀. Ẹ kúrò lórí AM. Bí aládùúgbò bá wà lókè, ẹ mú LSB (apá ìsàlẹ̀ ìgbì nìkan). Bó bá wà nísàlẹ̀, ẹ mú USB (apá òkè nìkan, kì í ṣe okùn USB). Ẹ fi fíltà sí 4 kHz, kẹ́ ẹ gbé ìlà pupa gún òpó ìgbì ìkànnì náà láàárín gan-an. Ẹ dín Step Size kù sí 10 Hz tàbí 1 Hz, ẹ fa waterfall (àwòrán ìgbì tó ń ṣàn) súnmọ́. Bí ẹ bá gbọ́ tí ohùn ń mì wùù-wùù, ó ku díẹ̀. Bó bá dúró jẹ́ẹ́, ẹ ti bá a. Aago V3 kì í yẹ̀ ju nǹkan bí 1 ppm (ìdá kan nínú mílíọ̀nù) lọ, lórí 9.5 MHz ìyẹn ò tó 10 Hz. Dongle (ẹ̀rọ kékeré bíi V3) olówó pọ́ọ́kú tó yẹ̀ ní 50 ppm á fi 475 Hz tàn yín jẹ.

Lóru, ẹ ó tún gbọ́ kí ohùn máa lọ máa bọ̀, kó sì máa ya nígbà tó bá ń lọ. Òpó ìgbì ló rẹ̀ sílẹ̀ ju ohùn tó gbé lọ. Nínú SDR#, ẹ tan Lock Carrier, tó bá ti dì í mú, ẹ tan Anti-Fading. Ẹ fi AGC Decay sí 500 ms, ẹ tan Use Hang. Bí Decay bá kúrú jù, ariwo á máa rú sókè láàárín ọ̀rọ̀ méjì bí ẹni tó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Ohun kan tó ń ṣi ọ̀pọ̀ lọ́nà: V3 nísàlẹ̀ 24 MHz ń lo Direct sampling, Q branch, lábẹ́ Sampling Mode. Tuner ò sí lójú ọ̀nà mọ́ níbẹ̀, nítorí náà kò sí ohun tí géènì ń ṣe. Ẹ lè fà á títí di ọ̀la. Áńtẹ́nà lẹ máa fi tún un ṣe. Okùn wáyà mítà 10 tí ẹ gbé jìnnà sílé sàn ju ẹlẹ́sẹ̀ méjì ojú fèrèsé lọ.

Ní ọ̀nà yìí kan náà, 14.4 MHz dà bíi dígí. Ohun tó wà lókè rẹ̀ ń fara hàn nísàlẹ̀, tìsàlẹ̀ náà ń fara hàn lókè. Ẹ wá 15120 kHz, tí Voice of Nigeria ti lò rí, ẹ tún lọ wo 13680: 28,800 dín 15,120. Bí ohun kan náà bá ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, òjìji ni. Ìkànnì tòótọ́ tó bá wà lórí 13680 á sì wá jókòó lé 15120 lórí. Fíltà orí sọ́fúwia ò lè yà wọ́n. Fíltà gidi tí a ń so mọ́ ẹnu áńtẹ́nà ló lè ṣe é, tàbí kẹ́ ẹ lo V4, ẹ̀dà tó tẹ̀lé V3, tó ń gbé ìgbì kúkúrú gòkè lọ bá tuner dípò kó gbà á tààrà.

#8 ỌmọMọ̀kọ́lá

Ẹ̀yin àgbà, gbogbo wàhálà yìí nítorí kí ni? Kó kàn fi Noise Reduction (tó ń dín ariwo kù) sí òpin, gbogbo rẹ̀ á dákẹ́.

#9 ÌyáKébù

Àbúrò, á dákẹ́ lóòótọ́, ọ̀rọ̀ á sì dákẹ́ mọ́ ọn. Ariwo ni ẹ̀rọ yẹn ń wá, bẹ́ẹ̀ "s" àti "ṣ" nínú ọ̀rọ̀ wa kò yàtọ̀ sí ariwo lójú rẹ̀. Á gé méjèèjì mọ́ ọn. "Sẹ́" àti "ṣẹ́" á di ọ̀kan. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti òdo, kẹ́ ẹ gbé e títí ariwo á fi rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀, kẹ́ ẹ dúró níbi tí ẹ ṣì ti lè ya "s" sọ́tọ̀ kúrò lára "ṣ".

Èyí tó ṣe pàtàkì jù fún etí Yorùbá ni SSB, ìgbì tó ń lo apá kan ṣoṣo, LSB tàbí USB. Ohùn ọkùnrin kan tó wà ní 120 Hz máa ń gbé 240, 360, 480, 600 dání. Fíltà SSB sábà ń bẹ̀rẹ̀ ní 300, nítorí náà 120 àti 240 ò wọlé. Kò burú, etí á wo 360, 480, 600, á mọ̀ pé 120 ni bàbá wọn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá yẹ̀ ní 100 Hz, wọ́n á di 460, 580, 700. Kò sí bàbá kan tó bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́, etí á dàrú. "Igbá", "igba" àti "ìgbà" á wá jọra wọn, a ó máa fi ìyókù gbólóhùn wá ìtumọ̀. Elédè Gẹ̀ẹ́sì lè fara da 100 Hz. Fún Yorùbá, ẹ má jẹ́ kó ju 20 tàbí 30 lọ.

Fíltà rẹ̀: 2.4 sí 2.8 kHz. Àwọn oní-rédíò aládàáni (ham, tí wọ́n ń fi rédíò bára wọn sọ̀rọ̀) ń lo LSB nísàlẹ̀ 10 MHz, USB lókè rẹ̀. Bí ohùn bá dún bíi pẹ́pẹ́yẹ, tí kò sì ṣe é tún ṣe bó ti wù kẹ́ ẹ yí i, apá òdì lẹ wà.

#10 AlágbàÌgbì

Ẹ tún má gbàgbé pé Noise Blanker àti Noise Reduction kì í ṣe ọ̀kan. Ariwo jẹnẹrétọ̀ kékeré, tó ń ta pa-pa-pa látinú pọ́lọ́ọ̀gì rẹ̀, Noise Blanker ni oògùn rẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ kí fíltà tóóró tó fọwọ́ kàn án. Fíltà tóóró máa ń na "pa" kan di "paaa", nígbà yẹn kò sí ohun tí Noise Blanker lè gé mọ́.

Ìnfátà àti ṣájà ni tiwọn yàtọ̀. Wọ́n ń dúró bí ìlà ní àlàfo tó dọ́gba lórí waterfall, wọ́n sì ń rìn díẹ̀díẹ̀. Ẹ yọ ṣájà laptop, ẹ lo bátìrì rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan kẹ́ ẹ wò ó. Ẹ pa ìnfátà, ẹ tún wò ó. Iná LED náà, yàrá kan lẹ́yìn òmíràn. Èyí tí ẹ bá pa tí ìlà lọ, òun ni. Ẹ ká wáyà rẹ̀ mọ́ òrùka ferrite nígbà márùn-ún sí mẹ́jọ, kẹ́ ẹ fi okùn USB mítà kan tàbí méjì gbé dongle jìnnà sí laptop.

#11 OníBódìjà

8 kHz ti pa ìfé. Ẹ ṣeun gan-an. Ìbéèrè kan ló kù: mo fẹ́ gba àwòrán SSTV (àwòrán tí a sọ di ohùn lórí rédíò) láti ISS, ibùdó àgbáyé tó ń yí ayé po lójú òfuurufú, kí n fi ohùn ránṣẹ́ sí sọ́fúwia tó ń tú u. Báwo ni kí n ṣe tò ó?

#12 TẹkiníkàDùgbẹ̀

145.800 MHz, NFM (FM tóóró). Ẹ má lo 12.5 kHz níbẹ̀. Bí ISS ṣe ń sáré bọ̀, ìgbì rẹ̀ ń fara hàn ní nǹkan bí 3.4 kHz lókè. Bó bá ń lọ, ó ń fara hàn bẹ́ẹ̀ nísàlẹ̀. Fíltà 20 kHz ló máa gbà á tán láìjẹ́ pé ẹ ń lé e kiri. Ẹ pa Squelch (ohun tó ń pa ohùn mọ́ nígbà tí ìgbì bá rẹlẹ̀). Ẹ pa Filter Audio, torí nǹkan tí etí fẹ́ràn kọ́ ni sọ́fúwia ń wá: 1200 Hz ni àmì ìbẹ̀rẹ̀ ìlà, 1500 ni dúdú, 2300 ni funfun. Bí ohunkóhun bá tẹ 1200 rì ju 2300 lọ, ìlà àwòrán á máa ṣìnà. Noise Reduction náà, kó wà ní pípa.

Ẹ fi gbogbo ibi tí ohùn ń gbà sí 48,000 Hz: SDR#, okùn ohùn orí kọ̀ǹpútà tí ẹ fi so sọ́fúwia méjèèjì, àti sọ́fúwia tó ń tú u. Ẹ wọ Sound nínú Windows kẹ́ ẹ pa gbogbo enhancements. Ẹ má gbé ohùn dé òkè pátápátá. Ìdajì ti tó, tí orí ìgbì bá ti gé pẹrẹsẹ, àwọ̀ á bàjẹ́. Bí ohùn bá já lẹ́ẹ̀kan péré, láti ibẹ̀ lọ ni àwòrán á ti fò sí ẹ̀gbẹ́, nítorí náà ẹ gbé Latency (bí ohùn ṣe ń pẹ́ tó kó tó jáde) sí 100 ms tàbí jù bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tó ń kánjú.

#13 ỌmọMọ̀kọ́lá

Ẹ má bínú pé mo ń ya ọ̀rọ̀. Mò ń gbọ́ orin lórí ìgbì ọkọ̀ òfuurufú, 118.3, nígbà tí mo ń wá Alákìá, pápákọ̀ òfuurufú Ìbàdàn. Ṣé ẹnì kan ló ń gbé orin síbẹ̀ ni?

#14 TẹkiníkàDùgbẹ̀

Kò sẹ́ni tó ń gbé orin síbẹ̀. Iwin kan náà ni. Ìlọ́po méjì 105.9 jẹ́ 211.8, ẹ yọ 93.5 ti Premier kúrò, ó ku 118.3. Ẹ sọ géènì kalẹ̀, yóò lọ ṣáájú ohùn awakọ̀. Bí kò bá lọ tán, ẹ ra fíltà FM bandstop, ẹ so ó sáàárín áńtẹ́nà àti dongle. Ẹ ó tún lè gbé géènì sókè padà. AM ni ìgbì ọkọ̀ òfuurufú, 8 sí 10 kHz, Squelch ní nǹkan bí 4 dB sókè koríko. Tí ẹ bá ń padà sórí FM, ẹ rántí yọ ọ́ kúrò, torí 88 sí 108 gan-an ló ń pa.